Ìràwọ̀ Tí Kò Bọ́ Sí Àárín Tábìlì

Ọdún tí àwọn olùkọ́ fásitì daṣẹ́ sílẹ̀ tí wọn ò tètè padà sẹ́nu iṣẹ́ ni mo padà sí ṣọ́ọ̀bù bàámi. Ẹ̀yìn Agbowó là ń gbé, ṣọ́ọ̀bù wọn sì wà nítòsí ọjà pákó Bódìjà, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìlagi kì í ti í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ń kọ́ kọ̀ǹpútà, àwọn mìíràn ń ta òkìrìkà. Èmi so síkáàfù mọ́rí nítorí lẹ́búlẹ́bú pákó, mo lọ dúró ti bàámi. Ibẹ̀ ò ṣàjèjì sí mi. Mo ti mọ igi ọ̀gànwó yàtọ̀ sí igi àfàrà kí n tó mọ̀wé kà.

Bàámi kì í ṣe kápẹ́ńtà tí í kan òrùlé. Àga, tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù ni tiwọn, ohun tí wọ́n sì fi gbayì jù ni iṣẹ́ fíníà. Fíníà ni igi iyebíye tí ẹ̀rọ bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìwé. Èèyàn á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú pákó yẹpẹrẹ, pákó yẹpẹrẹ á sì di ẹni tó wọ agbádá. Ọ̀pọ̀ kápẹ́ńtà á kàn lẹ abala kan mọ́ ọn, ó tán. Bàámi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi ọ̀bẹ gé igi oríṣiríṣi àwọ̀ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á tò wọ́n pọ̀ títí wọ́n á fi di òdòdó tàbí ẹyẹ tàbí ìràwọ̀, tí èékánná ọmọ tuntun kò ní rí ibi há sí láàárín igi kan àti ìkejì.

Nígbà òjò ọdún náà ni ìyá kan wá sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì láti ìgbà ọmọge títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn Ring Road. Ìyá nọ́ọ̀sì là ń pè wọ́n. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n, wọn kì í pariwo, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ṣe ni wọ́n máa ń wò ó bí ẹni tó ń wá ibi tó ń dùn ún.

"Tábìlì ìjẹun ni mo fẹ́," ni wọ́n wí, "kó rí róbótó. Mo ti jẹun lórí tábìlì gígùn tó láyé mi, èyí tí èèyàn ò ní gbọ́ ohun tí ẹni tó wà níkangun ń sọ."

"Kí la máa fi sójú ẹ̀, màmá?" ni bàámi bi wọ́n.

"Ẹ̀yin lẹ niṣẹ́. Kí lẹ rò pé ó dáa?"

"Ìràwọ̀." Bàámi ò tilẹ̀ ronú. "Ìràwọ̀ ńlá láàárín, ọ̀já igi dúdú létí. Ẹni tó bá wọlé yín, òun ni yóò kọ́kọ́ kí kó tó kí yín."

Ìyá nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gànwó pupa àti àfàrà funfun la fi gé ẹsẹ̀ ìràwọ̀ náà: ìdajì ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan pupa, ìdajì funfun, débi pé ẹni tó bá wò ó á rò pé ó wú sókè. A fi ìrókò dí àyè tó yí i ká, a sì jẹ́ kó fẹ̀ ju tábìlì lọ kí a lè gé etí rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá lẹ̀ ẹ́. Bí a ti ń tò wọ́n pọ̀ la ń fi ìwé pẹlẹbẹ tó ní gọ́ọ̀mù lẹ ojú wọn mọ́ra kí wọ́n má baà tú, nígbà tí a sì parí, ìwé ti bo gbogbo iṣẹ́ náà bí báńdéèjì. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ojú iṣẹ́ kì í hàn títí a ó fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, tí gọ́ọ̀mù á gbẹ, tí a ó fi omi rin ìwé náà, tí a ó sì fá a kúrò.

Irú iṣẹ́ ńlá báyìí, ìta ni bàámi ti máa ń ṣe é. Wọ́n sì ní àṣà kan láti bí ọdún mélòó kan: bí wọ́n bá ṣe é díẹ̀, wọ́n á fẹ̀yìn rìn kúrò nídìí rẹ̀ títí dé ẹ̀bá títì, wọ́n á dúró wò ó láti ibẹ̀, wọ́n á tún padà wá. Àwọn ọlọ́kadà á máa fọn fèrè mọ́ wọn. Àwọn oníbàárà á ní, "Ẹ wo ọ̀gá bí wọ́n ṣe ń wo iṣẹ́!" Èmi náà gbà pé ọgbọ́n iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n òjò ọ̀sẹ̀ yẹn kò dá. A gbé tábìlì wọ yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tó jẹ́ pé tábìlì náà àti èèyàn mẹ́ta péré ló gbà. Fèrèsé kan ló ní, iná ò sì sí.

Ọjọ́ tí bàámi lẹ ojú tábìlì náà, mi ò sí níbẹ̀. Wọ́n rán mi lọ ra sándípépà ní Ṣàngó, òjò sì dá mi dúró sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹnìkan. Gọ́ọ̀mù tútù máa ń yọ̀ bí ilá. Bí èèyàn bá gbé fíníà lé e, tó gbé pákó wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tó wá ń fún kíláǹpù, irin tó ń di pákó mọ́ra, fíníà lè sún kúrò láyè rẹ̀ láìfohùn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wo gbogbo etí rẹ̀ yíká kí a tó fún kíláǹpù pinpin. Nígbà tí mo fi máa dé, bàámi ti fún un pinpin, wọ́n ń fọ ọwọ́.

Nígbà tó gbẹ, a jọ fi ọ̀já yí etí rẹ̀ ká. Igi dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kó wá láti Òkè Ọya ni. Omi gbígbóná la fi mú un rọ̀ kó lè tẹ̀. Ìwé ṣì bo àárín. Bàámi ṣe ọ̀já náà débi pé mi ò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Wọ́n wá ní kí n rin ìwé, kí n fá a.

Mo ń fá a lọ, mo ń kọrin lábẹ́ ètè. Apá ògiri ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ìràwọ̀ kan yọ, ó rẹwà. Òmíràn yọ. Nígbà tí mo dé apá fèrèsé, ọwọ́ mi dúró. Mo nu omi ojú rẹ̀ kúrò, mo rò pé omi ló ń tàn mí jẹ. Mo fá èyí tó kù kíákíá, mo dìde dúró, mo wo gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ìràwọ̀ náà ò sí láàárín. Ó ti yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹyin díndín tó ṣí lọ sí etí abọ́. Lápá fèrèsé, ṣóńṣó ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀já. Lápá ògiri, odindi àtẹ́lẹwọ́ lè sùn sáàárín wọn. Kì í ṣe àṣìṣe tó ń fẹ́ ojú kápẹ́ńtà. Ọmọdé tó ń sáré kọjá á rí i.

Bàámi yìí kan náà ni mo rí tí wọ́n tú àpótí tuntun palẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan fi bí ìbú irun ga ju ìyókù lọ. Mo dúró, mo ń retí igbe.

Bàámi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbé ojú sún mọ́ tábìlì bí ẹni ń ka ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ kéré. Wọ́n fi ìka tọ ìràwọ̀ náà láti ṣóńṣó ẹsẹ̀ kan dé àárín, láti àárín dé ṣóńṣó ẹsẹ̀ mìíràn. Wọ́n fi ìka tọ ọ̀já náà yíká. Wọ́n wá nàró, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó dára," ni wọ́n wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣe irú èyí. Ìyá nọ́ọ̀sì á jó."

Mo wo ojú wọn bóyá wọ́n ń dán mi wò. Kò sí àwàdà níbẹ̀.

"Bàámi, ẹ tún un wò."

"Mo ti wò ó. Kí ló ṣe é?"

"Àárín rẹ̀ ńkọ́?"

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. "Àárín rẹ̀ pé pérépéré. Wá wo bí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe pàdé."

Òótọ́ sì ni. Níbi tí gbogbo ẹsẹ̀ ìràwọ̀ náà ti pàdé, abẹ́rẹ́ ò lè wọ ibẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, bàámi." Mo jáde síta, mo dúró sínú òjò díẹ̀.

Màámi ń ránṣọ nílé nígbà tí mo dé. Mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, mo sọ ohun tí mo rí. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n má rí bàbá mi fín. Ẹsẹ̀ wọn dúró lórí ẹ̀rọ.

"O dá a lójú?"

"Màámi, bí mo ṣe ń wò yín yìí ni."

Wọ́n gbé aṣọ ọwọ́ wọn sílẹ̀. "O ò kíyè sí i pé mi kì í ṣí àga kúrò láyè rẹ̀ nínú ilé yìí mọ́? Bí mo bá gbé garawa sí ibi tí kò wà lánàá, bàbá rẹ á ta á nípàá, wọ́n á ní mo fẹ́ pa wọ́n. Mo bá a tì, mo fi ohun gbogbo sójú kan. Mo rò pé ìbínú àgbà ni. Mi ò ronú kan ojú."

Èmi náà ti gbọ́ ìjà garawa náà, mo ti gbọ́ ti àpótí, mo ti gbọ́ ti ajá aládùúgbò tí wọ́n tẹ̀ ní ìrù. Gbogbo rẹ̀ ni mo ti fi rẹ́rìn-ín rí.

A pinnu pé a ó rọra bá wọn sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kó dọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì tí òjò dá, takisí já wọn sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní àwọn kàn ní kí àwọn yà wo ibi tí iṣẹ́ dé ni. Bàámi yọ̀. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn fún wọn bí ẹni tó ń mú àlejò wọ yàrá ìyàwó.

"Ẹ rí i bí, màmá? Mo sọ fún yín."

Ìyá nọ́ọ̀sì wo tábìlì. Wọ́n wò mí. Mo wolẹ̀. Mo ń retí kí wọ́n bínú, tàbí kí wọ́n ní wọn ò rà á mọ́, nítorí ẹ̀tọ́ wọn ni. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí tábìlì, wọ́n kọjú sí bàámi, wọ́n sì ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe máa ń wo èèyàn.

"Mo rí i," ni wọ́n wí. "Ọ̀gá, ẹ má bínú, ẹ bá mi wo imú mi."

Bàámi rẹ́rìn-ín. "Imú yín kẹ̀? Kí ló ṣe imú yín?"

"Ẹ ṣáà máa wò ó. Ẹ má wo ibòmíràn o. Bí ẹ bá rí ìka mi, ẹ sọ fún mi."

Ìyá nọ́ọ̀sì na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó fẹ́ gbá nǹkan ńlá mọ́ra, wọ́n sì ń mi ìka. Èmi tí mo dúró lẹ́yìn bàámi rí ọwọ́ méjèèjì kedere, láìwò ó tààrà pàápàá.

"Ìka wo?" ni bàámi wí. Ojú wọn ò kúrò lára imú ìyá náà.

Ìyá nọ́ọ̀sì fa ọwọ́ wọlé díẹ̀. Bàámi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n tún fà á wọlé, ó dé ọ̀gangan èjìká wọn. Bàámi ò sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ pariwo pé, "Bàámi, ọwọ́ náà nìyẹn!" Ìka náà ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó kọjá etí ìyá nọ́ọ̀sì. Ìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ni bàámi ta gìrì.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Mo rí i. Níbo lẹ ti mú un wá lójijì báyẹn?"

Mo di ògiri mú.

Ìyá nọ́ọ̀sì ò gbé ohùn sókè. Wọ́n bi bàámi láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń rí nǹkan báyẹn. Bàámi kọ́kọ́ ní báwo. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Bí ẹni ń yọjú wo ìta láti inú páìpù ni. Ọ̀nà náà ń dín díẹ̀díẹ̀. Bí nǹkan bá tóbi, àfi kí n jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá wò tààrà, mo ń rí i ketekete. Mo lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ níṣojú yín báyìí."

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ, màmá?" Bàámi wò wá bí ẹni tó ń retí ká bá òun dá sí i. "Ṣé kì í ṣe bí ojú àgbà ṣe ń rí nìyẹn? Mo rò pé gbogbo wa ni."

Mo jókòó sórí ìtì pákó kan. Kì í ṣe tábìlì ló wá sí mi lọ́kàn. Fẹsipá ni. Bàámi ní alùpùpù Fẹsipá kan tí wọ́n fi ń gbé mi kiri, Àìkú tó kọjá sì ni wọ́n fi gbé mi láti Ṣàngó wá sílé. A gba àárín tírélà méjì kọjá. Ọlọ́kadà kan fẹ́ rẹ́ wa lára, ó bú wa, bàámi sì ń kọ orin ìsìn lọ ní tiwọn, mo sì gbé orí lé ẹ̀yìn wọn, ọkàn mi balẹ̀ bí ọmọ tí ìyá pọ̀n. Inú páìpù ni wọ́n ti ń wo títì náà. Wọn ò rí tírélà ọ̀tún, wọn ò rí tòsì.

Ìyá nọ́ọ̀sì mú ọwọ́ bàámi. Wọ́n gbé ìka bàámi kan lé ṣóńṣó ẹsẹ̀ ìràwọ̀ lápá fèrèsé, wọ́n gbé òmíràn lé ọ̀já. Ìka méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Wọ́n wá mú wọn yí tábìlì ká dé apá ògiri, wọ́n ṣe bákan náà níbẹ̀. Bàámi na ọwọ́, àtàǹpàkò wọn wà lórí ìràwọ̀, wọ́n ń fi ìka yòókù wá ọ̀já. Wọ́n wá a. Wọ́n padà sápá fèrèsé fúnra wọn, wọ́n wọ̀n ọ́n. Wọ́n tún padà sápá ògiri.

"Yéè," ni wọ́n wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ẹ̀gún gún.

Ẹ̀rọ ìlagi ń ké lóde. Lẹ́yìn náà ni bàámi bèèrè, ohùn wọn ti yí padà: "Tábìlì mélòó ni mo ti ṣe báyìí tí àwọn èèyàn kàn ń bọ̀wọ̀ fún mi?"

"Ẹ fi tábìlì sílẹ̀," ni ìyá nọ́ọ̀sì dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká lọ tọ́jú èyí tó kù lójú yín."

Ìyá nọ́ọ̀sì fúnra wọn ló mú wa lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Dókítà tó yẹ bàámi wò kò ju ẹ̀gbọ́n mi lọ lọ́jọ́ orí, ó sì ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní omi inú ojú ló ń ru, tó ń tẹ iṣan tí a fi ń ríran mọ́lẹ̀, pé kì í dun èèyàn, etí ojú ló sì ti máa ń jí ìríran kó wá sí àárín. "Olè tí kì í kan ilẹ̀kùn ni, bàbá," ló wí. "Èyí tó ti kó lọ, a ò lè gbà á padà. Ẹ̀kán omi oògùn tí mo fún yín yìí, òun ni a ó fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

"Mo lè gun Fẹsipá mi?"

"Rárá, bàbá."

"Rárá fún ìsinsìnyí ni àbí rárá pátápátá?"

Dókítà wo bébà ọwọ́ rẹ̀. "Pátápátá."

Mo rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí. Dókítà yíjú sí mi, ó ní kí n bọ́ sórí àga. Ó ní àìsàn ojú náà máa ń tọ ẹ̀jẹ̀, pé ọmọ àti ọmọ ìyá ẹni tó bá ní in gbọ́dọ̀ wá yẹ ojú wò. Mo gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò. Bàámi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì ń gbọ́ èémí wọn. Nígbà tí dókítà ní kò sí nǹkan kan lójú mi, bàámi ló sunkún. Èmi ò lè sunkún. Mo ṣáà ń wo ògiri.

"Ẹ ní ọmọ ìyá, bàbá?" ni dókítà bèèrè.

Èmi àti bàámi wo ara wa. Bàámi ní àbúrò kan ṣoṣo. Ó ń wa bọ́ọ̀sì akérò ní Challenge.

Bàámi ò dúró jẹun. Láti ilé ìwòsàn, a wọ ọkọ̀ lọ sí gáréèjì Challenge tààrà. A bá àbúrò wọn nídìí ọkọ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ó ń pe èrò tó kù. Ọkùnrin gìrìwò ni, aláwàdà. Nígbà tí bàámi ṣàlàyé fún un, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Èmi tí mo ti ń wakọ̀ kí irùngbọ̀n tó hù lẹ́nu mi? Tí ojú mi bá ń ṣe mí, ṣé títì ò ní sọ fún mi ni?"

"Wo imú mi," ni bàámi wí.

"Ẹ̀gbọ́n, èrò wà nínú ọkọ̀."

"Mo ní kó o wo imú mi!"

Mi ò gbọ́ kí bàámi jágbe mọ́ ọn báyẹn rí. Àbúrò wọn dúró, ó wo imú wọn. Bàámi na ọwọ́ méjèèjì tí àwọn fúnra wọn ò lè rí, wọ́n ń mi ìka, wọ́n sì ń fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn kọndọ́ kan ti pagbo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Mo rí tọ̀tún mi," ni àbúrò wọn wí kíákíá. "Ẹ ò rí i pé kò sí nǹkan kan?"

"Tòsì ńkọ́?"

"Ẹ ò tíì gbé tòsì sókè."

Ẹ̀rín àwọn kọndọ́ náà ṣá. Ọwọ́ bàámi wà níbẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ojú òsì rẹ̀, ìka ń mì, gbogbo gáréèjì ń rí i. Ẹ̀gbẹ́ òsì yẹn gan-an ni ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ́nà máa ń gbà kọjá lára dírẹ́bà.

Ìyá ọlọ́mọ kan jókòó níwájú ọkọ̀. Ó wo ọwọ́ bàámi, ó wo ojú dírẹ́bà. Kò sọ̀rọ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó di àpò ẹ̀wà mọ́ra sọ̀kalẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó bú u, kò sẹ́ni tó bèèrè ohunkóhun, títí ọkọ̀ fi ṣófo. Àbúrò bàámi ń wo ẹni kọ̀ọ̀kan bó ti ń kọjá. Ó wá yí orí pátá sápá òsì, ó sì rí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣì nà síbẹ̀. Mi ò tíì rí kí àwọ̀ ojú àgbàlagbà yí padà báyẹn.

"Ó ti pẹ́ tó wà níbẹ̀?" ló bèèrè.

"Ó ti pẹ́," ni bàámi dáhùn, wọ́n sì gbá a mọ́ra níwájú gbogbo gáréèjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá wa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n bá àìsàn náà lójú òsì rẹ̀. Tọ̀tún ṣì dára. Ó fi ọkọ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Inú bí i fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó ní bàámi ló ba òun lórúkọ jẹ́ ní gáréèjì. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta táyà níbẹ̀ kan náà, òun ló sì máa ń rán bàámi létí oògùn.

Ìyá nọ́ọ̀sì ní àwọn á gba tábìlì náà bó ṣe wà. Bàámi ò gbà. "Ẹni tó bá fẹ́ jẹun lórí rẹ̀ á bèèrè ohun tó ṣe é," ni wọ́n wí, "ẹ ó sì máa sọ ìtàn ojú mi fún àlejò." A gbé e síta sínú oòrùn. A fi aṣọ tútù àti irin ìlọṣọ gbígbóná mú gọ́ọ̀mù rọ̀, a sì ń ṣí fíníà náà díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ìràwọ̀ mélòó kan fọ́. Bàámi gé òmíràn rọ́pò wọn, nítorí ohun tí kò bá ju àwo kékeré lọ, kò sí ọ̀dọ́mọdé tó ríran jù wọ́n lọ. Nígbà tó kan lílẹ̀ ẹ́, èmi dúró, mo ń wo gbogbo rẹ̀ yíká.

"Ẹ sún un sọ́dọ̀ mi díẹ̀, bàámi."

"Báyìí?"

"Ó ti pọ̀ jù. Ẹ dá a padà bí ìbú irun."

"Ìbú irun ta ni? Tìẹ ni àbí tèmi?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n ṣàwàdà láti ọjọ́ ìka yẹn. Ìràwọ̀ náà bọ́ sáàárín. A gbé e lọ sí Ring Road, ó sì ṣe ìyá nọ́ọ̀sì lóore títí dòní, bí mo ti gbọ́.

Fásitì wọlé, mo padà sẹ́kọ̀ọ́. Bàámi ò ṣe tábìlì ńlá mọ́. Ìràwọ̀ àti òdòdó ni wọ́n ń gé, àwọn kápẹ́ńtà ọjà pákó a sì máa wá rà á lọ lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ tiwọn. Oògùn náà mú èyí tó kù lójú wọn dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ẹ̀rù ojú wọn kò bà mí mọ́ tó bí ó ti bà mí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù àwọn ọdún tó ti kọjá ló kù. Títí di báyìí, mo lè wà níbi iṣẹ́, kí n ṣàdédé rántí tírélà méjì yẹn, kí n sì gbé iṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀.

Nílé, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni bàámi àti màámi ti máa ń jókòó láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Nígbà tí mo wálé ní ìparí sáà kan, mo rí i pé màámi ti gbé àga wọn wá síwájú, wọ́n jókòó kọjú sí bàámi gan-an, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, bàámi sì tẹjú mọ́ wọn bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Mo bi màámi nínú ilé ìdáná bóyá kò sú wọn.

"Kí ló máa sú mi níbẹ̀?" ni wọ́n dáhùn. "Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí ọkùnrin kan ti wò mí báyẹn kẹ́yìn."